Ibi Tí Bàbá Mi Ti Máa Ń Dúró

Ní ọ̀nà oko wa ní Moretan, igi irúgbá kan wà tí bàbá mi fẹ́ràn láti máa dúró sí. Èmi ni mo sọ pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Bí a bá ti rìn láti ilé dé ibẹ̀, yóò fi ọ̀pá ti ara, yóò gbé ojú sókè bí ẹni tí ń ka èso orí igi, kò sì ní sọ̀rọ̀ títí ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi jẹ orógbó kan tán. Lẹ́yìn náà yóò ní, "Ó yá, ká máa lọ," a ó sì tún gbéra. Ọdún 2007 ni mò ń sọ yìí. Mo ti di olùkọ́ nígbà náà, mo ń wá sílé ní àkókò ìsinmi láti bá a wa iṣu. Mo rò pé àgbà ló dé, àti pé òjìji igi ló ń gbádùn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kì í dé ìdí igi mọ́ kí ó tó dúró. Afárá kékeré tí omi kì í ṣàn lábẹ́ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ti ń sinmi. Nígbà tí ó di 2009, ògiri mọ́sáláṣí ni. A kò tíì jáde ní àárín ilé tán nígbà yẹn. "Ẹsẹ̀ ló ń dì mí," ni ó máa ń wí, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún bí ẹni tí ń fún aṣọ. Bí ó bá ti dúró díẹ̀, ìrora náà yóò lọ pátápátá, bí ìgbà tí a pa fìtílà. Bí ó bá tún rin ìwọ̀nba ìrìn yẹn, yóò padà dé.

Èmi tí mo rí gbogbo èyí, olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí àti ilẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní SVT. Lọ́dọọdún ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa àti ṣọ́ọ̀kì búlúù ya ọkàn sára pátákó, tí mo ń ya àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn lọ sí orí, sí apá, sí ẹsẹ̀. Mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé kí ni ẹran ara yóò ṣe bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń dáhùn, mo ń fún wọn ní máàkì. Ìsinmi á dé, màá lọ sílé, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi lábẹ́ igi irúgbá, màá sì máa wo àwọn ẹyẹ.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í jí i lóru. Ìyá mi ní bí àkùkọ bá kọ ìṣáájú, wọn á bá a ní ìjókòó létí ibùsùn, tí ó ti sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e padà sórí ẹní. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, egbò kékeré kan yọ ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yẹn. Kò ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ó dúdú, ó gbẹ, kò jinná. Ní ibi tí ó ti kọ́kọ́ lọ gba ìtọ́jú, oògùn ara ríro ni wọ́n fún un, wọ́n sì di egbò náà ní funfun. Egbò adáàjinná ni àwọn àgbà pè é. Nígbà tí a bá sì ti pe orúkọ yẹn nínú ilé, ìbéèrè tó kàn ni: ta ló ṣe é?

Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé. Ní ọdún tó ṣáájú, bàbá mi àti àbúrò rẹ̀, ọbàkan rẹ̀ tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ti jà nítorí ààlà oko káṣú. Ìjà náà gbóná. Bàbá Kékeré sọ ọ̀rọ̀ kan lójú agbo pé ẹsẹ̀ tó bá ré ààlà òun kọjá yóò jẹ́rìí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni, irú èyí tí ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀ ti sọ láìsí nǹkan tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló dárúkọ. Nígbà tí egbò yọ, wọ́n ní ó ti gbé oògùn sílẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Adáhunṣe mẹ́ta ni a pè. Oṣù márùn-ún lọ sí i. Egbò ojú abẹ́rẹ́ di egbò ojú owó, ó sì gba ìka méjì.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi kọ ìwé yìí wà ní ọjọ́ tí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú. Dókítà ọ̀dọ́ kan wò ó, ó fi ìka kan orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi kan ẹ̀yìn kókósẹ̀, ó mi orí. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó wọn ṣúgà. Nígbà tí ó padà wá, èmi ni ó bá sọ̀rọ̀, nítorí èmi ni mo gbọ́ Faransé jù níbẹ̀. Ó ní àtọ̀gbẹ ti wà lára bàbá mi fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ó ní "artérite" ni, pé iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ti dí láti òkè wá, pé ṣúgà àti sìgá tí bàbá mi ń fà láti ìgbà èwe rẹ̀ ló bá iṣan náà jẹ́. Ó ní a ó gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kú.

Ìyá mi wà níbẹ̀, àwọn àgbà ìdílé méjì wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní ẹsẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n máa gé e." Mi ò sọ ìyókù.

Mo ti wá àwáwí fún ara mi láti ọjọ́ náà. Mo ti sọ pé kò sí àkókò. Mo ti sọ pé èmi kò mọ ọ̀rọ̀ tí à ń pe "artère" ní èdè wa, àti pé òótọ́ ni: nínú èdè Ifẹ̀ tí a ń sọ ní Moretan, àti nínú Yorùbá tí ìwé ìròyìn wa yìí ń lò, "iṣan" kan náà ni ohun tí ń fa ọwọ́, ohun tí ń gbé ẹ̀jẹ̀, àti ohun tí ń jẹ́ kí akọni lágbára. Ṣùgbọ́n mo lè sọ pé, "Ó ní ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ ti dí, àìsàn ṣúgà ló fà á, kì í ṣe ènìyàn." Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè sọ ọ́. Ohun tí mo bẹ̀rù ni ojú àwọn àgbà méjì yẹn, tí wọ́n ti dájọ́ tán. Èmi tí ìjọba ń sanwó fún láti máa ṣàlàyé, mo gbé àlàyé mì.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Bàbá mi lo ọdún mẹ́ta sí i, ó kú ní 2013. Bàbá Kékeré kò wá síbi ìsìnkú, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ló la ojú mi, ẹni tí ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Lomé. Ní 2021, mo lọ síbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìdánwò, ó sì ní kí n jẹ́ kí òun fi mí kọ́ṣẹ́. Ó fi aṣọ ẹ̀rọ ìfúnpá wé apá mi, ó wọn ọ́n. Ó tún fi wé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó sì gbé ohun kan bíi gègé lé orí ẹsẹ̀ mi, ìró kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀, fúú, fúú, fúú. Ìró ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ó wá fi iye ti apá pín iye ti ẹsẹ̀. Ó ní, "Mùsíyọ̀, 1,08. Ọ̀nà yín mọ́."

Ìwọ̀n yìí ni àwọn Faransé ń pè ní "index de pression systolique". Lára ẹni tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, ìfúnpá ti ẹsẹ̀ tó ti apá tàbí kí ó jù ú lọ díẹ̀, ìdí nìyí tí èsì fi máa ń wà ní nǹkan bí 1. Bí ó bá di 0,90 tàbí kí ó dín, ibì kan ti há láàárín ọkàn àti ẹsẹ̀. Bí ó bá kọjá 1,40, iṣan náà ti le bí igi débi pé aṣọ kò lè fún un pọ̀ dáadáa, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn tí àtọ̀gbẹ ti pẹ́ lára wọn. A jẹ́ pé nọ́ḿbà náà kò ṣe é gbára lé, kí a wá ọ̀nà mìíràn. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a gbà. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ mi, omi sì bọ́ lójú mi níwájú ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò ìpín.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí àwọn olùwádìí kọ. Mo rí i pé ìrìn bàbá mi ní orúkọ, "claudication intermittente", àti pé ara ẹṣin ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i yékéyéké. Ní ọdún 1831, oníṣègùn ẹran kan tí ń jẹ́ Bouley rí ẹṣin kan ní ilẹ̀ Faransé tí ń tiro bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, tí yóò sì dá pé bí ó bá sinmi. Nígbà tí ẹṣin kú, wọ́n là á, wọ́n sì bá iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó dí. Ọdún 1858 ni Charcot tó kọ̀wé pé ohun kan náà ń ṣe ènìyàn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìmọ̀ náà fi rìn láti ara ẹṣin dé ara ènìyàn. Mi ò lè bú wọn. Tèmi kò tilẹ̀ rìn láti ara pátákó dé ara bàbá mi.

Oníṣẹ́ abẹ kan ní Strasbourg, René Fontaine, ni ó pín àìsàn yìí sí ìpele mẹ́rin ní 1954. Ní ìpele kìíní, iṣan ti há ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dunni. Ní ìkejì, ìrìn ń fa ìrora. Ní ìkẹta, ìrora ń dé ní ìdùbúlẹ̀, lóru, tí sísọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ sì ń mú un rọ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kù ń tipa bẹ́ẹ̀ ṣàn wá sísàlẹ̀. Ní ìkẹrin, egbò, ara kíkú. Ìpele kejì pín sí méjì, igba mítà ni ààlà wọn: ẹni tí kò lè rìn tó bẹ́ẹ̀ kí ìrora tó dé ti sún mọ́ ewu. Nígbà tí mo ka èyí, mo mú okùn tí a fi ń wọn pápá eré ìdárayá, mo padà sí Moretan, mo wọn ọ̀nà oko. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé igi irúgbá, mítà 520. Dé afárá, mítà 270. Dé ògiri mọ́sáláṣí, mítà 140. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi, wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ la ọ̀nà.

Bàbá mi ti kọ ìwé àìsàn rẹ̀ sí ojú ọ̀nà fún ọdún mẹ́ta, ní mítà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á.

Mo ti rò ó pé irú àìsàn yìí ti òyìnbó ni, ti àwọn tó ń jẹ bọ́tà. Iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní EPIDEMCA já irọ́ náà. Láàárín 2011 sí 2012, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Limoges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Áfíríkà wọ ìlú ńlá àti ìgbèríko ní Congo àti ní Central Áfíríkà. Wọ́n dé Gamboma, wọ́n dé Nola. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 ni wọ́n wá. Ìgbàgbé ọjọ́ ogbó gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n wọ́n wọn ẹsẹ̀ pẹ̀lú, nítorí iṣan tó bàjẹ́ lẹ́sẹ̀ sábà máa ń ní arákùnrin lórí. Bí ènìyàn kan nínú méje ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tó ṣáájú, ní Bangui àti Brazzaville, 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí ní ìlú kìíní, ju 32 lọ ní ìkejì. Ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, láti 2015 ni wọ́n ti ń lọ láti ilé dé ilé ní Tanvè, abúlé kan nítòsí Abomey ní Benin, tí wọ́n ń wọn ìfúnpá àwọn ará abúlé tó ti pé ọmọ ọdún 25, tí wọ́n sì ń padà lọ wò wọ́n. Inú mi dùn sí ti Tanvè ju ti ìyókù lọ. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kan tó gba ẹ̀jẹ̀ lọ, a ó máa fura sí i. Ẹni tó bá padà wá, aládùúgbò ni.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tó gbé mi dìde lórí àga ni ti SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn darí. Àrùn ẹ̀gbà ni wọ́n ń wádìí, èyí tí iṣan orí bá dí tàbí tí ó bẹ́, tí apá kan ara kú. Ìbàdàn ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́: láti 1973 dé 1975 ni wọ́n ti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹ̀gbà kọlù nínú ìlú náà, Osuntokun ọmọ Òkèmẹ̀sí sì wà lára àwọn tó ṣe é. Ní àkókò SIREN, láti 2014 dé 2017, wọ́n kó ènìyàn 2118 tí ẹ̀gbà kọlù jọ ní Nàìjíríà àti Ghana, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán orí wọn kí ó lè dájú. Wọ́n sì wá ẹnì kan tí kò ní i fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ẹ̀yà wọn jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n fi èkíní wé èkejì. Ní 2018 ni èsì jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo rẹ̀: ìṣirò wọn fi hàn pé bí kò bá sí i, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹ̀gbà wọ̀nyẹn tí kì bá tí ṣẹlẹ̀. Àtọ̀gbẹ wà nínú rẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ikùn ńlá, iyọ̀ tí à ń bù sórí oúnjẹ tó ti délẹ̀, sìgá, ìrònú. Ẹ̀fọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ tútù wà nínú ewu tó ju ìlọ́po méjì lọ. Mo ka ìyẹn sí ìyá mi létí, ó ní ṣé ó tó kí wọ́n ya àwòrán orí ènìyàn kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti mọ ẹni tí ẹ̀gbà kò kọlù rí, wọ́n nílò ìbéèrè tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́. Ìbéèrè mẹ́jọ kan wà fún èyí, ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kó wọn wọ èdè Yorùbá, wọ́n kó wọn wọ Haúsá àti Akan, wọ́n sì dán wọn wò lára aláìsàn kí wọ́n tó gbà pé wọ́n pé. Wọ́n ń béèrè bóyá dókítà ti sọ fún ọ rí pé ẹ̀gbà kọlù ọ́; bóyá apá kan ara rẹ ti rọ̀ lójijì rí láìsí ìrora, tàbí tí ó kú tipiri; bóyá ojú rẹ ti ṣú lójijì tàbí tí o kò rí apá kan; bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí o kò gbọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ yé mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ara rẹ kò jáde. Ẹ̀yin ará, mo ronú sí àwọn tó jókòó tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí arúgbó yóò gbọ́ láìṣì. Ohun tí wọ́n ṣe, tí wọ́n kà sí apá kan ìmọ̀ ìṣègùn, ni mo kọ̀ láti ṣe ní ìṣẹ́jú kan ní ilé ìwòsàn.

Mo lọ sí ilé Bàbá Kékeré ní àsìkò ìkórè ọdún yẹn. Ọdún mọ́kànlá ni n kò ti tẹ ẹnu ọ̀nà yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí, ó pẹ́, ó ní kí n dìde, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi. Mo ní, "Bàbá Kékeré, mo wá bẹ̀ yín ni." Ó ní, "Lórí kí ni?" Mo sọ fún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà náà ní ẹyọ ẹyọ, bí ó ṣe sọ ọ́ ní 2010, mo kó gbogbo rẹ̀ wọ èdè wa.

Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ mọ̀ lọ́jọ́ náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá dára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan mìíràn, nípa òjò, nípa iye tí wọ́n ń ra káṣú. Nítorí pé n kò mọ ohun tí mo tún lè sọ, mo bi í léèrè àwọn ìbéèrè mẹ́jọ yẹn, bí mo ti rántí wọn. Bí ẹni tí ń bá ọmọ ṣeré ni ó ń dáhùn: rárá, rárá, rárá. Nígbà tí mo dé orí èyí tó kẹ́yìn, ti ọ̀rọ̀ tí kò jáde, kò dáhùn. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ sọ fún un."

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, lọ́jà. Ó fẹ́ dúnàádúrà iyọ̀, ẹnu rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ kò jáde, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì sọ owó nù. Ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Kí wọ́n tó pa ọjà, ohùn rẹ̀ ti padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó rẹ̀. "Bí mo bá sọ," ó ní, "kí ni wọn yóò wí? Wọn yóò ní oògùn tí mo gbé fún ẹ̀gbọ́n mi ló yí padà sí mi."

Mo ti rò pé orúkọ rẹ̀ nìkan ni ìdákẹ́jẹ́ mi bà jẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, zémidjan méjì gbé wa jáde, a bọ́ sínú ọkọ̀ lọ sí Atakpamé. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 19 lórí 11. Dókítà obìnrin tó gbà wá bi í léèrè ohun gbogbo, ó sì fi Faransé sọ̀rọ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá sọ, mo ń dá a dúró, mo ń yí i padà fún Bàbá Kékeré kí n tó gba òmíràn. Ó pẹ́. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ń kùn. Ó ní àmì ọjà yẹn jẹ́ ìkìlọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ dí lórí fún ìgbà díẹ̀ ó sì tún ṣí, pé irú rẹ̀ kì í sábà kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ oògùn ìfúnpá méjì papọ̀, amlodipine wà nínú wọn, pẹ̀lú aspirin díẹ̀díẹ̀ àti oògùn ọ̀rá ẹ̀jẹ̀.

Mo lọ wá ìdí tí ó fi jẹ́ méjì. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CREOLE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, ni wọ́n ṣe lára ènìyàn dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, Nàìjíríà àti Cameroon wà nínú wọn. Dike Ojji ti Àbújá wà lára àwọn tó ṣíwájú rẹ̀, àti Bongani Mayosi ti South Africa, tí ó kú kí èsì tó jáde. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n dè ní méjì méjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdè méjì tí amlodipine wà nínú wọn ló rẹ ìfúnpá sílẹ̀ ju èyí tí kò sí nínú rẹ̀ lọ. Kí ìyẹn tó dé, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn dókítà wa gbára lé ni a ti wọ̀n lára àwọn ẹlòmíràn. Kò burú kí a yá àwọ̀ ọlọ́wọ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ ìwọ̀n èjìká ara wa.

Ní ti bàbá mi, mo mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣí iṣan ẹsẹ̀ láti inú láìgé ènìyàn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1964, Charles Dotter ní Portland, ní Amẹ́ríkà, ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan obìnrin ẹni ọdún 82 kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú lọ, tí ó sì ti kọ̀ kí wọ́n gé e. Ọ̀nà ṣí, ẹsẹ̀ yè, obìnrin náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn títí ó fi kú ní ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn náà. Mo máa ń ro obìnrin yẹn lóru. Ṣùgbọ́n ọ̀pá Dotter jìnnà sí Moretan. Ohun tí kò jìnnà ni pé kí ẹnì kan ti sọ ní ìdí igi irúgbá pé kí ó jáwọ́ nínú sìgá, kí a lọ wọn ṣúgà rẹ̀, kí ó sì máa rìn: kí ó rìn dé ibi ìrora, kí ó sinmi, kí ó tún rìn, lójoojúmọ́. Ìtọ́jú gidi ni ìrìn yẹn, a ti fi ìwádìí dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń mú ibi ìdúró jìnnà sí i. Bàbá mi ní ojú ọ̀nà, ó ní ọ̀pá, ó ní ọmọ tí yóò bá a rìn.

Báyìí, bí mo bá lọ sílé, mo máa ń mú ẹ̀rọ ìfúnpá tí mo rà dání. Àwọn àgbà ti mọ̀ mí mọ́ ọn, wọ́n ń ká ọwọ́ aṣọ kí n tó jókòó. Ní ti ẹsẹ̀, ìka mi ni mo ń lò, bí akẹ́kọ̀ọ́ mi ti kọ́ mi: ìka méjì lórí ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ní ìlà àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, láìtẹ̀ ẹ́ líle, kí a sì ní sùúrù. Àwọn kan wà tí ara wọn le tí a kì í rí i níbẹ̀. A ó wá a lẹ́yìn kókósẹ̀ ní apá inú. Bí a kò bá rí i ní ibi méjèèjì, pàápàá lẹ́sẹ̀ ẹni tí ń mu sìgá tàbí tí ó ní ṣúgà, ká gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní oṣù tó kọjá, Bàbá Kékeré jókòó lórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo gbé ìka lé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 14 lórí 8. Àwọn tí ń kọjá lọ sí oko ń kí wa. Ọ̀kan nínú àgbà méjì tó wà ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà kọjá, ó dúró, ó wò wá, ó kí wa, Bàbá Kékeré sì dá a lóhùn.

"Ṣé o rí i?" ni ó bi mí.

Mo ní, "Mo rí i. Ó ń lù dáadáa."

Ó fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn, ó na èkejì sí mi. "Wo èyí náà," ó ní. "Kí o sì sọ ohun tí o bá bá níbẹ̀ fún mi."

Mo gbé ìka lé e, mo ń wá a.